Nọ́ńbà tó wà lọ́rùn ọwọ́ mi

181. Iye ìgbà tí aago ọwọ́ mi ní ọkàn mi ń lù ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹta ọdún 2023, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Awólọ́wọ̀ ní Bódìjà, Ìbàdàn, n kò sì tíì sáré tó ìṣẹ́jú 12. Mo dúró gbagidi. Mo fọwọ́ ti òpó iná, mò ń wo ojú aago yẹn bí ẹni tí wọ́n mú ìwé ilé ẹjọ́ wá bá. Ọkọ̀ ń kọjá, ẹlẹ́kọ gbígbóná ń bu ẹ̀kọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀, èmi ń ronú nípa bàbá mi.

Ẹni ọdún 58 ni bàbá mi nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá wọn dùbúlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á, ó sì ti wà lára wọn tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ̀. Láti ìgbà náà ni gbogbo àwa ọmọ wọn ti ń sá fún ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ ọkàn. Bí àyà wa bá já pẹ́nrẹ́n, bàbá la máa kọ́kọ́ rántí. Nítorí náà, nígbà tí mo rí 181, tí mo sì rántí pé áàpù aago náà kọ ọ́ síbẹ̀ pé 176 ni òpin ibi tí ọkàn ẹni ọdún 44 ń lù dé láàárín ìṣẹ́jú kan, mo gbà pé mo ti kọjá ààlà, pé ohun tó pa bàbá mi ti dé sí tèmi.

Mo rọra rìn padà sílé. Mo jókòó sórí àpótí ní ilé ìdáná, mo mu omi. Kò tó ìṣẹ́jú 10 tí ọkàn mi fi wálẹ̀ sí 90 ó lé díẹ̀. Síbẹ̀, odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n kò fi fẹsẹ̀ kan bàtà eré mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ń dùn mí títí di òní, nítorí ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà kò pọ̀ ju ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ kan lọ, ká ní mo rí ẹni tó mọ̀ ọ́n bi. Mo mọ àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi mélòó kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré, tí ẹ̀rù irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ bà wọ́n, tí wọn ò sì padà síbẹ̀ mọ́. Àwọn ni mò ń rò bí mo ṣe ń kọ èyí.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe, ó ti lé ní ogún ọdún. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé iṣẹ́ ìjókòó ni. Bí ọdún bá ti ń kanlẹ̀kùn, tí àwọn aláṣọ ẹbí ń pè léraléra, mo lè wà nídìí ẹ̀rọ láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di mọ́kànlá alẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún yẹn, mo mú ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi lọ sílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ní kí èmi náà jókòó kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi. 148 lórí 94, ó ti ga jù. Wọ́n tún un wọ̀n lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Dókítà ní òun ò tíì fẹ́ fún mi lóògùn, kí n kọ́kọ́ dín iyọ̀ àti magí kù, kí n sì máa rìn kánkán fún ìṣẹ́jú 30, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀. Ìṣẹ́jú 150 yẹn náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò yẹ kí àgbàlagbà ṣe kó dín sí lọ́sẹ̀.

Mo rìn fún oṣù kan, ó sì dùn mọ́ mi. Nígbà tí mo sọ fún àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Manchester, inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi aago eré sísá rán ẹnì kan tó ń bọ̀ nílé sí mi. Òun alára ti ń sáré láti bí ọdún mẹ́rin. Ní gbogbo Sátidé, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, á wà nínú pápá kan pẹ̀lú àwọn tó ń sá parkrun, kìlómítà 5, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nǹkan náà bẹ̀rẹ̀ ní Bushy Park ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2004, àwọn 13 péré ló sá ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní báyìí ó ti kárí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Àbúrò mi a máa fi àkókò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp: 28:50, 29:10. Ìyẹn ni pé kò lò tó ìṣẹ́jú 6 lórí kìlómítà kan. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń lo ìṣẹ́jú 9 àti àáyá 40, mo sì ń mí hẹlẹhẹlẹ kí n tó parí ọ̀kan ṣoṣo.

Ó dùn mí. Mo fi ọdún 12 ju àbúrò mi lọ, ojú ọjọ́ tirẹ̀ kọ́ ni tèmi, ọ̀nà tirẹ̀ tẹ́jú, tèmi ń gòkè ó ń sọ̀. N kò ro gbogbo ìyẹn. Nọ́ńbà rẹ̀ ni mò ń lé. Bí mo bá jáde, kìlómítà kìíní ni mo máa fi gbogbo agbára mi sá, ara á kọ̀ fún mi nínú ìkejì, màá wá rìn wálé pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ẹ̀rù méjì ló ń fà mí sọ́tùn-ún sósì. Ẹ̀rù ìyára ń sọ pé mo lọ́ra jù, ẹ̀rù ọkàn ń sọ pé mo yára jù, inú eré kan náà, nínú ìṣẹ́jú kan náà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi jókòó sílé, mo gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ. Ó kọ́kọ́ bá mi wí pé mo kúrò lórí ìrìn bọ́ sórí eré láìjẹ́ kí òun gbọ́, pẹ̀lú ìfúnpá tó ga, pẹ̀lú ohun tó ṣe bàbá mi. Ó tọ̀nà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kánjú. Ṣé ìrora tàbí ohun tó dà bí ẹrù máa ń tẹ̀ mí láyà bí mo bá ń sáré? Ṣé ó máa ń lọ sí apá tàbí sí àgbọ̀n? Ṣé òòyì ti kọ́ mi rí lórí eré, tàbí mo ti dákú? Ṣé ọkàn mi máa ń lù ségesège, tàbí kó máa sáré nígbà tí mo jókòó jẹ́ẹ́? Ṣé ẹnikẹ́ni wà nínú ẹbí wa tó kú lójijì kó tó pé ẹni 50 ọdún? Mo ní rárá sí gbogbo rẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan péré nínú rẹ̀, kí n dúró lójú ẹsẹ̀ kí n sì máa bọ̀ nílé ìwòsàn, ohun yòówù kí aago máa sọ. Ì báà jẹ́ 110 ló kọ síbẹ̀.

Wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi láyà, lọ́wọ́, lẹ́sẹ̀, wọ́n tẹ bí ọkàn mi ṣe ń lù jáde lórí bébà gígùn kan. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi. Ọkàn mi dára. Dókítà wá ṣàlàyé 176 yẹn fún mi.

Ṣe ni wọ́n máa ń yọ ọjọ́ orí ẹni kúrò nínú 220. Láti bí ọdún 1971 ni ìṣirò náà ti wà, wọ́n kàn fa ìlà la àárín èsì àwọn ìwádìí tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe ni. Ní ọdún 2001, àwọn onímọ̀ mìíràn tún un gbé yẹ̀ wò, wọ́n ní kí a ti inú 208 yọ ìdá méje nínú mẹ́wàá ọjọ́ orí ẹni. Fún ẹni ọdún 44, 177 nìyẹn, kò sí ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rí ni méjèèjì ń sọ, wọn ò mọ ẹnikẹ́ni lórúkọ. Nínú àwọn tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba, òpin ti ẹnì kan lè jẹ́ 165, kí ti ẹlòmíràn jẹ́ 190, kí ara àwọn méjèèjì sì dá ṣáṣá.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára torí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo mọ sáìsì 14 tí wọ́n ń tà lọ́jà. Bí obìnrin mẹ́wàá bá wọ̀ ọ́, bóyá ló fi máa bá ẹni mẹ́ta mu déédéé. Àyà á há fún ẹnì kan, ìdí á ṣò fún ẹlòmíràn, apá á gùn ju ti ẹni kẹta lọ. N kò sì tíì sọ fún oníbàárà kan rí pé ara rẹ̀ ló ṣe àṣìṣe. Àwọn ìbejì mi gan-an, ọjọ́ kan náà ni mo bí wọn, bí mo bá fẹ́ rán aṣọ àǹkóò fún wọn, téèpù mi á kan ara kálukú lọ́tọ̀. Ọkàn mi ni mo wá gbé sáìsì ọjà wọ̀, tí kò bá a mu, tí mo sì ń pariwo pé ọkàn mi ti bàjẹ́.

Èsì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà ni mi ò retí. PCV mi, ìyẹn ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, kò ju 30 lọ nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí dókítà ń fẹ́ kó tó 36. Nǹkan oṣù mi máa ń pọ̀ púpọ̀, ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, mo sì ti gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé atẹ́gùn tí à ń mí sínú lọ fún iṣan. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó, èyí tó wà kò lè rù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọkàn á wá máa pààrà. Ìdí rèé tí ọkàn mi fi ń sáré lórí ọ̀nà tó yẹ kó máa rìn. Wọ́n fún mi lóògùn ẹ̀jẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, wọ́n sì wá ojútùú sí ti nǹkan oṣù náà. Kí oṣù Keje tó parí, PCV mi ti di 37. Kò sí eré tí mo lè sá tó lè ṣe iṣẹ́ tí oògùn yẹn ṣe fún mi. Bí obìnrin kan bá sọ fún mi lónìí pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré, pé ọkàn òun ń sáré jù, kì í ṣe bàtà tàbí aago ni mo máa kọ́kọ́ bi í. Màá ní: ṣé o ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò?

Dókítà ní mo lè sáré, ṣùgbọ́n kí n rọra. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra sáré. Ẹni tó kọ́ mi ni bàbá kan tí mo bá pàdé ní pápá ìṣeré Lekan Salami ní Adámásìngbà. Mo lọ síbẹ̀ torí ó tẹ́jú, mo sì ro pé bí nǹkan bá ṣe mí, èrò á wà nítòsí. Bàbá náà ti sáré fún ilé ìwé wọn nígbà èwe, ó ti lé ní ẹni 70 ọdún báyìí, òkè-òkè sì ni ojú rẹ̀ máa ń wà bó bá ń sá, bí ẹni ń wo ojú ọ̀run. Ó wò mí bí mo ṣe sá ìyípo méjì pẹ̀lú agbára, tí mo tẹ̀ síwájú, tí mo di orúnkún mú.

“Ìyá Ìbejì,” (ó ti gbọ́ tí ọmọ mi pe ìkejì rẹ̀) “ta ní ń lé yín?”

Mo ní kò sẹ́ni tó ń lé mi, sà.

“Ẹ jẹ́ ká jọ sá a nígbà náà. Ẹ máa sọ fún mi irú aṣọ tí ẹ̀ ń rán lọ́wọ́.”

A bẹ̀rẹ̀. Ó lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ro pé ó ń dúró dè mí. Mo ní búbù ni, ti ìyàwó kan, pẹ̀lú léèsì aláwọ̀ ewé, ó ní mélòó ni yáàdì rẹ̀, mo ní márùn-ún, ó ní ta ló ń san owó rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti gé mọ́ mi lẹ́nu, á tún dẹ ẹsẹ̀ sílẹ̀ sí i. A sá ìyípo mẹ́fà láìdúró. N kò sá tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ó ní ohun tí wọ́n fi ń mọ ìwọ̀n eré ìrọ̀rùn kò ju ẹnu lọ: bí o bá lè sọ gbólóhùn kan délẹ̀, o wà níbi tó dáa, bí o bá ní láti mí lẹ́ẹ̀mejì kí gbólóhùn kan tó parí, ẹsẹ̀ rẹ ti ṣáájú rẹ.

Ìgbà tí mo bá ń dá sáré, mi ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀, oríkì ilé wa ni mo ń kà. Ọmọ Òpómúléró ni wá, oríkì wa sì kún fún ọ̀rọ̀ aṣọ, ó bá iṣẹ́ mi mu. Ìlà kan, èémí kan. Bí ìlà náà bá gé sí méjì, mo ti yára jù. Bí mo bá lè fi ohùn fà á bí àwọn ìyá wa ṣe ń fà á lójú agbo, a jẹ́ pé mo ṣì lè fi díẹ̀ kún un. Ẹni tí kò lówó aago kò pàdánù ohunkóhun, mo fọwọ́ sọ̀yà.

Bàbá yẹn náà ló jẹ́ kí n mọ̀ pé aago mi máa ń parọ́. Lọ́jọ́ kan, ó ń ka 168, bẹ́ẹ̀ a ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ní kí n dúró, kí n fi ìka méjì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun, kí n ka lílù rẹ̀ fún àáyá 15, kí n sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. 37. Ìyẹn jẹ́ 148. Ó tún ní kí n sáré padà kí n ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ń kanlẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. 84. Ẹsẹ̀ méjèèjì jẹ́ 168. Ẹsẹ̀ mi ni aago náà ń kà! Iná aláwọ̀ ewé ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń tàn án sínú awọ ara láti mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń wọlé tó ń jáde. Bí aago bá ṣò, tó ń mì lọ́wọ́, ìmìtìtì ẹsẹ̀ lè bo ti ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fà á sókè kúrò lórí egungun ọrùn ọwọ́, tí mo sì ń dè é kó dì mọ́ra. Àwọn tó bá fẹ́ kó dájú ju bẹ́ẹ̀ lọ máa ń de bẹ́líìtì mọ́ àyà, èyí tó ń gbọ́ iná ọkàn fúnra rẹ̀. Mi ò ra ọ̀kan. Ìka méjì ń tó mi.

Ṣé 181 ti ọjọ́ àkọ́kọ́ wá jẹ́ òótọ́ àbí irọ́? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́, pẹ̀lú bí ẹ̀jẹ̀ mi ṣe kéré tó, pẹ̀lú bí mo ṣe ń lé àbúrò mi lórí òkè. Bó bá sì jẹ́ òótọ́, ara mi gbà á, ó sì wálẹ̀ kíákíá nígbà tí mo dúró. Wíwálẹ̀ kíákíá yẹn jẹ́ àmì rere, mo kàn wò ó lójú láìkà á sí ni.

Ó le gan-an láti lọ́ra. Ìṣẹ́jú 11 lórí kìlómítà kan ni mo já sí nígbà tí mo tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ bàbá. Àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń lọ sí kíláàsì àfikún ń sọ fún mi pé, “Mọ́mì, ẹ kúkú máa rìn.” Ìgbà mìíràn, n kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Ohun tó gbé mi ró ni ohun tí bàbá sọ nípa àwọn ará Kẹ́ńyà. Eliud Kipchoge sá máratíọ́ọ̀nù, kìlómítà 42 ó lé díẹ̀, ní Berlin ní ọdún 2022 ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 1 àti àáyá 9, kò lò tó ìṣẹ́jú 3 lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀ ní ọjọ́ tí eré wọn bá jẹ́ ti ìrọ̀rùn, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń lọ́ra gidi, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tó yára tó bẹ́ẹ̀ bá lè rọra, kí ló dé tí ojú á fi ti èmi aránṣọ?

Ìtàn mìíràn wà tí mo fẹ́ràn. Bill Bowerman, olùkọ́ eré sísá ní Oregon ní Amẹ́ríkà, ẹni tó wà lára àwọn tó dá Nike sílẹ̀, lọ kí Arthur Lydiard, olùkọ́ eré sísá bíi tirẹ̀, ní New Zealand ní ọdún 1962. Ẹni ọdún 51 ni, ó sì ro pé ara òun le. Lydiard mú un lọ bá àwọn ará àdúgbò tó ń sáré jẹ́jẹ́ láàárọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sá fi í sílẹ̀ lórí òkè. Ẹni tó dúró dè é, tó ń bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé, ni bàbá kan tó ti lé ní ẹni 70 ọdún, tí àìsàn ọkàn ti kọ lù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo máa ń rántí bàbá náà. Àìsàn ọkàn kò ní kó má sáré; ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fẹ̀sọ̀ mú un ni.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, lórí títì Awólọ́wọ̀ yẹn kan náà, ìṣẹ́jú 9 àti àáyá 30 ni mo lò, ọkàn mi sì wà ní 150. Mi ò lé e. Ó kàn wá ni. Ọkàn tí a bá ń fi ìrọ̀rùn lò lóòrèkóòrè á kọ́ bí yóò ṣe máa ti ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jáde nínú lílù kan ṣoṣo, kò sì ní máa lù léraléra mọ́. Kódà bí mo bá jí láàárọ̀, tí mi ò tíì dìde, 78 ni mo ń kà tẹ́lẹ̀. Ó ti di 66.

Nínú oṣù Kejìlá, àbúrò mi wá kí wa. Ó ní kí á jọ jáde ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Mo ní kó jẹ́ ìdájí, ó ní kò séwu. A dorí kọ Òkè Mọ́kọ́lá, òun níwájú, lórí ìyára tó ń sá ní Manchester. Mo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó fọwọ́ lé ìbàdí, aago rẹ̀ ń ka 179. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó, 158 ló máa ń jẹ́ nílé! Kí ló ń ṣe mí?” Ojú rẹ̀ rí bí tèmi ṣe rí lọ́jọ́ òpó iná. Mo gbá a mọ́ra. Mo sọ fún un pé ooru ni. Bí ara bá ń gbóná, iṣẹ́ méjì ni ọkàn ń ṣe: ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún ẹsẹ̀, ó tún ń gbé e lọ sí abẹ́ awọ kí ooru lè jáde. Bí òógùn bá sì ti pọ̀, omi inú ẹ̀jẹ̀ á dín kù, lílù ọkàn á máa ròkè bí a kò tilẹ̀ yára kún un. Ní àsìkò òjò, nǹkan a tún máa le sí i, torí ọ̀rinrin ti kún inú afẹ́fẹ́, òógùn kò rí ibi gbẹ sí, ó kàn ń ṣàn lára lásán. Inú ọyẹ́ tó tutù ní ìdájí ni ọkàn mi máa ń balẹ̀ jù, bí eruku ò bá ti pọ̀. A rìn délé. Lọ́jọ́ kejì a jáde ní aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀, ó lọ́ra bí mo ṣe ń lọ́ra, ó sì sọ fún mi pé nínú parkrun tiwọn, wọ́n máa ń yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó rìn kẹ́yìn gbogbo èrò, kí ẹnikẹ́ni tó wá má baà jẹ́ ẹni ìkẹyìn. Mo fẹ́ràn ẹni tó ronú kan ìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tún ṣe agídí lẹ́yìn náà. Òwúrọ̀ méjì tẹ̀ léra, 66 tí mò ń kà lórí ibùsùn di 81. Mo ní àárẹ̀ iṣẹ́ ni, mo jáde lọ sáré. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ibà ti gbé mi dè, èsì àyẹ̀wò sì ní màléríà ni. Ọkàn mi ti mọ̀ kí orí mi tó fọ́. Ní báyìí, bí ti àárọ̀ bá fi 10 lé, mo máa jókòó sílé. Lẹ́yìn ibà yẹn, ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí nọ́ńbà mi tó padà sí bó ṣe wà. N kò bá a jà.

Ọkùnrin kan tún wà ní pápá tí ọkàn rẹ̀ kì í kọjá 120, bó ti wù kó sáré tó. Àwọn kan ń kan sáárá sí i. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lò ló ń di ọkàn rẹ̀ mú kó má yára, dókítà rẹ̀ ti sọ fún un pé kó má fi aago wọn ara rẹ̀ rárá. Mo rò ó pé ká ní mi ò bi í, èmi náà ì bá ti máa lé 120.

Ìgbà tí wọ́n wọn ìfúnpá mi kẹ́yìn, 128 lórí 82 ni. Mo sá kìlómítà 5 ní ìṣẹ́jú 44. Mo kọ ọ́ sínú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí, lójú ewé tèmi.

Sátidé tó kọjá, Kẹ́hìndé ní òun fẹ́ tẹ̀ lé mi. Ọmọ ọdún 15 ni. Kí n tó ti géètì, ó ti fò jáde bí ọfà, mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń kéré sí i. Mi ò pè é. Mo ń ka oríkì mi lọ, ìlà kan, èémí kan. Mo bá a nídìí òpó iná kẹta, ó tẹ̀ síwájú, ó di orúnkún mú. “Mọ́mì, àyà mi ń lù kì kì kì.” Mo fi ìka méjì sí i lọ́fun, a jọ kà á. Mo ní kó rìn díẹ̀, ó rìn. Nígbà tí a tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, mo ní kó bá mi ka oríkì ilé wa. Kò mọ̀ ju ìlà mẹ́rin lọ. Mò ń kà á, ó ń gbè é, títí a fi dé iwájú géètì.